Ìràwọ̀ Kẹta Tí Kò Sí

                                        Yàrá Ìṣirò,
                                        Ilé Ìwòràwọ̀ Orí Òkè.
                                        Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tó tún di ọkọ mi,

Eyínfúnjowó, báwo ni o? Ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe àbíkẹ́yìn nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn ti lọ? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti jẹ́ kó máa gun àtẹ̀gùn? Iṣẹ́ ìránṣọ ńkọ́? Ṣé àwọn oníbàárà rẹ ṣì ń fa ikùn sínú nígbà tí o bá ń wọ̀n wọ́n, tí wọ́n á wá máa bínú sí ọ pé aṣọ há? Mo mọ̀ pé ìkíni mi ń sáré. Má bínú. Bí mi ò bá kí ọ dáadáa, wàá ní ìyàwó yín ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bí mo bá sì kí ọ tán bó ṣe yẹ, awakọ̀ á ti lọ. Awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá fún wa lórí òkè ló máa mú lẹ́tà yìí wá. Wọ́n ṣì ń já ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀sán yìí ló ń sọ̀kalẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé ọwọ́ rẹ gan-an ni kó fi í lé, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ, kì í ṣe ọwọ́ ará ilé, pàápàá jù lọ kì í ṣe ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, baálé mi, tó wà lọ́dọ̀ rẹ.

Wàá ní kí ló dé tí mi ò pè. Mo pè ọ́ lánàá, àbí o ti gbàgbé? Bí o ṣe gbé e báyìí lo ti tẹ fóònù sí gbangba, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ, tí gbogbo ilé ń gbọ́. Mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Mo mọ ikọ́ yẹn dáadáa. Ikọ́ "má sọ pé mo wà níbí" ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ọ́ bóyá òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ ṣe. Fóònù tirẹ̀, ó ti dínà rẹ̀ mọ́ mi láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé. Ìwé nìkan ló kù.

Ọ̀rẹ́ mi, gbà mí. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bó bá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ níwájú àwọn èèyàn yẹn, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, mi ò sì rí bó ṣe máa tún un ṣe mọ́ láyé. Jẹ́ kí n ṣàlàyé. Màá sọ ọ́ lọ́nà tó máa fi yé aránṣọ, má sùn.

Ìràwọ̀ kan wà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti ń wò láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Bí o bá fi ojú lásán wò ó, ọ̀kan ṣoṣo ni, kò tiẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ méjì ni wọ́n. Wọ́n ń yí ara wọn ká, ipa ọ̀nà tí wọ́n ń tọ̀ kò sì rí róbótó, ó gùn bí ẹyin: nígbà mìíràn wọ́n á súnmọ́ra, wọ́n á sì sáré, nígbà mìíràn wọ́n á jìnnà síra, wọ́n á máa wọ́ lọ. Bí ọ̀kan bá gba iwájú èkejì kọjá, á bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ìràwọ̀ náà á sì ṣú díẹ̀ lójú wa. Ìṣú ńlá wà, ìyẹn nígbà tí èyí tó tutù bá bo èyí tó gbóná. Ìṣú kékeré náà wà, nígbà tí ipò wọn bá yí padà. Iṣẹ́ wa kò ju pé ká mọ àkókò tó ṣú lọ. Òun la fi ń jẹun, òun ló sì ń mú kí ìyá yín máa bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an là ń ṣe lórí òkè tí aṣọ wa fi ń dọ̀tí.

Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ náà dùn ni pé ipa ọ̀nà bí ẹyin yẹn kì í dúró sójú kan. Òun fúnra rẹ̀ ń yí díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí o bá gbé àwo gígùn kan sórí tábìlì, tí o wá ń fi ìka tì í yípo. Nígbà tó bá ń yí báyìí, ìṣú ńlá á máa pẹ́ dé sí i lọ́dọọdún, ìṣú kékeré á sì máa yá sí i. Ìyẹn ni a ti ń rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìràwọ̀ kẹta kan fara pamọ́ síbẹ̀, tó ń fa àwọn méjèèjì síwá sẹ́yìn, ìṣú méjèèjì ló máa jọ pẹ́, méjèèjì ló sì máa jọ yá. Mú ìyẹn dání, mo máa padà sí i. Bí ìṣú méjèèjì bá ń ya ara wọn, ipa ọ̀nà ló ń yí. Bí wọ́n bá jọ ń rìn, ẹnìkẹta wà níbẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn. Kò pọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ ni, lórí yíyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ dùn. O mọ̀ ọ́n, kì í yọ̀ síta. Ó kàn fọ gbogbo ife tó wà nílé ìdáná ni, títí kan èyí tó mọ́. Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti di ọ̀gá níbòmíràn, òun nìkan ló kù sórí òkè, wọ́n sì ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n Onísùúrù, bí ẹni tó ń fi ẹ̀rín bú èèyàn. Ìràwọ̀ kẹta ló fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Mo rí i lójú rẹ̀, èmi náà sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fún un.

Àmọ́ ọkàn mi ò gbà á. Mi ò ní ẹ̀rí lọ́wọ́, inú mi ni kò gbà. Ìràwọ̀ tó jìnnà tó báyẹn, kí ló dé tó fi ń yípo ní bí ọdún kan, bí ayé tiwa yìí gan-an? Mo ní kó jẹ́ ká tún gbogbo rẹ̀ wò. Ó ní a ti wò ó. Mo tún sọ. Ó dákẹ́. Ìwọ lo kúkú sọ mí ní Ẹnu-Abẹ nígbà tí a wà nílé ìwé, o mọ̀ pé bí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ bá dákẹ́, ṣe ni ẹnu mi máa ń wá iṣẹ́ kún iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a jókòó ti búrẹ́dì àti tíì, èyí tó jẹ́ oúnjẹ alẹ́ fún àwa tí a ń fi òru ṣiṣẹ́, mo bá pariwo mọ́ ọn pé kò sí ẹnìkẹta kankan níbẹ̀, pé òkìkí ló ń pa á bí ebi, ìdí nìyẹn tó fi ń rí oúnjẹ níbi tí kò sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní láti ọjọ́ tóun ti fẹ́ mi, kò sí ohun tóun gbé sókè tí mi ò kọ́kọ́ wá ibi tó ti ya. Ó wọ yàrá lọ, ó di báàgì, ó ní òun á lọ múra ìpàdé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àbúrò òun. Kò gbá ilẹ̀kùn. Ìbá tiẹ̀ sàn fún mi ká ní ó gbá a.

Ìyàwó ọ̀gá wa, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà èmi àti òun, gbọ́ "kò sí ẹnìkẹta," ó sì rí báàgì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wá jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kí n fara balẹ̀, pé obìnrin náà ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Mà, ìràwọ̀ ni." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ṣe máa ń rí lákọ̀ọ́kọ́." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kí n rín tàbí kí n sunkún, mo bá ṣe méjèèjì, obìnrin náà sì gbà pé òun ti rí òtítọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àná. Òjò ò jẹ́ ká ṣí òrùlé awò tí a fi ń wo ìràwọ̀ láti ọjọ́ Àìkú. Mo jókòó sí yàrá ìṣirò níbí, mo wọ kóòtù tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbàgbé, garawa wà lábẹ́ ibi tó ń jò, mi ò sì fẹ́ lọ sùn nínú ilé tó dákẹ́. Kí n lè rí nǹkan fi ọwọ́ ṣe, mo kó gbogbo àkókò ìṣú tí a ti kó jọ, mo tún wọn tò. Lọ́dọọdún ni a máa ń tò wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fi oṣù tò wọ́n. Àwọn tí a wò nígbà tí ìràwọ̀ náà ń wà lókè orí láàárín òru, gbogbo wọn ló pẹ́. Àwọn tí a wò nígbà tó ń tẹ̀ lé oòrùn wọ̀, gbogbo wọn ló yá. Kò sí ọ̀kan tó yapa. Ìràwọ̀ wo ló máa mọ oṣù tiwa?

Gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń la igi lódì kejì pápá, wàá rí àáké tó balẹ̀ kí o tó gbọ́ ìró rẹ̀. Bí o bá súnmọ́ ọn, ìró á tètè dé etí rẹ. Bí o bá jìnnà, á pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà rí. Ayé tí a wà nínú rẹ̀ ń yí oòrùn ká, nítorí náà, lápá kan ọdún a súnmọ́ ìràwọ̀ yẹn, lápá kejì a jìnnà sí i, ìròyìn ìṣú rẹ̀ á sì tètè dé tàbí kó pẹ́ dé. A gbọ́dọ̀ yọ ìrìn tiwa kúrò kí a tó mọ àkókò tí ìràwọ̀ ṣú ní tòótọ́. Ẹ̀ẹ̀kan la ń yọ ọ́. Lórí òkè yìí, òfin kan wà láti ayé ọ̀gá àtijọ́: ẹni tó ń wo ìràwọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àkókò, bó ṣe rí i lójú aago ni kó gbé e fún ẹni tó ń ṣírò. Ẹni tó ń ṣírò ló máa yọ ìrìn ayé kúrò. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló ń wò, èmi ni mò ń ṣírò.

Mo padà sídìí àwòrán tí ẹ̀rọ yà fúnra rẹ̀, torí aago ẹ̀rọ máa ń wà lára rẹ̀. Mo fi wé àkókò tí ẹ̀gbọ́n rẹ gbé fún mi. Dé àyè kan, ọgbọọgba ni wọ́n. Láti ibẹ̀ lọ, wọn ò dọ́gba mọ́, ohun tí wọ́n sì fi yàtọ̀ kò ju ìrìn ayé lọ, kò dín kan. Ó ti yọ ọ́ kó tó gbé e fún mi. Èmi náà tún yọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì la yọ ọ́, ohun tí a yọ lé ló sì di ìràwọ̀ kẹta. Nígbà tí mo wá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ tò wẹ́rẹ́: ìṣú ńlá ń pẹ́, kékeré ń yá, ipa ọ̀nà ń yí jẹ́jẹ́. Àwọn méjì náà ni, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Àmọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ló pa mí, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún tí ìyá mi dùbúlẹ̀ ni. Ìwọ náà rántí. Mò ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, mò ń gòkè padà wá ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń bá mi níbi tí mo ti ń sùn lórí tábìlì yìí tí bírò wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò sọ nǹkan kan. O mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe: bàtà rẹ á já lónìí, lọ́la wàá bá a ní rírán lẹ́nu ọ̀nà, bí o bá bi í, á ní bàtà wo. Ó rí i pé yíyọ ìrìn ayé yẹn ló ń jẹ àkókò mi jù, ó gbé e kúrò lórí mi láìdúró gba ẹ ṣeun, bóyá ó rò pé màá rí i fúnra mi. Lákòókò yẹn gan-an, èmi náà ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa bá mi ṣe é, kí n lè ráyè lọ jókòó ti ìyá mi. Èmi náà ò sọ fún un. Nígbà tó rí i pé mo ti ń ráyè, ó ti ní láti gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló jẹ́. Ìyá mi kú lójú mi, ọwọ́ mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ sì padà sídìí awò bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Ní báyìí, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ fún ọ̀gá wa, á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn tó máa sọ̀rọ̀, gbogbo ayé á sì gbọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló tà á. Bí mo bá ní kí n wá fúnra mi, ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí ti lọ fún ìsinmi, èmi nìkan ló kù tó lè bo awò mọ́lẹ̀ bí omi bá ń wọlé. Bí mo tiẹ̀ wá, bó bá rí mi lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ̀yìnkùlé ló máa gbà jáde. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ, má kọ mí sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, èrò burúkú kan wá sí mi lọ́kàn. Ó ní kí n jẹ́ kó lọ. Kó dìde, kó sọ ọ́, kí ẹnì kan láti ìjókòó ẹ̀yìn wá bi í pé báwo ni ìràwọ̀ rẹ ṣe mọ ọdún tiwa. Ìtìjú á gbé e wálé fún mi wẹ́rẹ́. Mo lé èrò náà jáde, àmọ́ ó kọ́kọ́ jókòó díẹ̀. Ọkọ tí ìtìjú bá gbé wálé, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Á máa jẹun, á máa sùn, kò ní wo ojú mi mọ́. Mi ò lè jẹun, Eyínfúnjowó. Nígbà tí ìyá mi ń kú lọ, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i, mo sì gbà. Èyí ṣì ṣe é gbà là títí di àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn ló ń lé mi kiri inú yàrá bí ẹni tí iná ń jó.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Má fi lẹ́tà yìí hàn án. Bó bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, kò ní kà á dé ìdajì. Má sì ṣàlàyé ìràwọ̀ fún un, torí wàá gba ọ̀nà ibòmíràn, á sì fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, nígbà tí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ bá ti dìde, bi í ní ìbéèrè kan péré. Sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́dún tí ìyá ìyàwó yín ń ṣàìsàn, ṣé ẹ̀yin lẹ ń yọ ìrìn ayé kúrò lára àkókò kí ẹ tó gbé e fún un?" Bó ṣe wà níbí yìí gẹ́lẹ́ ni kí o sọ ọ́. Má fi iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló máa nira fún ọ jù.

Á kọ́kọ́ tẹjú mọ́ àwo. Lẹ́yìn náà, á wá ohun tó lè fi kọ nǹkan, ó lè jẹ́ ṣọ́ọ̀kì tí o fi ń sàmì sí aṣọ ló máa rí, má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Á ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí tó o. Bó bá rí i, òun ló rí i nìyẹn, kì í ṣe èmi. Òun fúnra rẹ̀ ló máa pe àwọn alákòóso ìpàdé láàárọ̀ tó máa ní òun fẹ́ tún ọ̀rọ̀ òun ṣe, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè sọ̀rọ̀ nípa ipa ọ̀nà tó ń yí. Òtítọ́ nìyẹn, ó sì dára, bí kò tiẹ̀ ní gbé orúkọ ẹnikẹ́ni ga.

Bí kò bá wá rí i ńkọ́? Bó bá bínú, tó ní èmi ni mo rán ọ? Sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lórúkọ mi, sunkún sí i lára, gbé ilẹ̀kùn tì mọ́ ọn bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí láti kékeré. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ọ̀rẹ́ mi, mi ò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè ké sí.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o ní kó rọra máa gun àtẹ̀gùn yẹn. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá yín bá pè, bá mi kí wọn dáadáa, má sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a jà. Iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ pé ó gbé ọmọ wọn wá sọ́dọ̀ rẹ.

Awakọ̀ ti ń tẹ fèrè. Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyí sì ni kí o sọ fún un lẹ́yìn tó bá ti rí àṣìṣe náà. Á dorí kodò, mo mọ̀ ọ́n, á ní òun lòun da gbogbo nǹkan rú, pé ká ní òun ò fọwọ́ kan àkókò ni. Sọ fún un pé mo ní kó má wí bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé láti ọdún tí ìyá mi ti kú, mi ò mọ̀ rárá pé ẹnì kan bá mi gbé ẹrù mi. Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀, mo sì yíjú láti dúpẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Jọ̀ọ́, ní kó máa bọ̀.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ àtijọ́, ìyàwó yín títí ayé,
                                        Ẹnu-Abẹ.